Àlá Tí Ajá Lá Kò Gbé Inú Ajá Mọ́

Mo mọ̀ pé inú dáńfó ni púpọ̀ nínú yín ti ń gbọ́ wa, tí ẹ ki íápíìsì bọ etí kan, tí etí kejì ń ṣọ́ kọ́ńdọ̀ tí kò tíì fún yín ní ṣéńjì. Ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè mú yín gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ìwé ìtàn àròsọ tó ń sọ nípa ọjọ́ iwájú, irú èyí tí ẹ̀rọ ti gba gbogbo ayé kan, tí ayé ọ̀hún ò sì rọgbọ. Mo ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí láàárín ọdún bíi mẹ́wàá sí àsìkò yìí ni pé ẹni tí à ń bẹ̀rù nínú wọn ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ni ìkà inú ìtàn. George Orwell gbé 1984 jáde ní ọdún 1949. Nínú ìwé yẹn, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà lára ògiri ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Tí kì í bá ṣe ìjọba, á jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní òun ò ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́.

Nínú àwọn ìwé tuntun yìí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn inú ìtàn fúnra wọn ló lọ ra ẹ̀rọ náà, wọ́n tún ná an kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fẹ́ sùn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n fẹ́ rìn. Ẹ̀rọ náà sì ṣe ohun tó ní òun máa ṣe fún wọn gan-an. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó wọ̀ mí lára jù. The Dream Hotel ni orúkọ rẹ̀. Laila Lalami ló kọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ó jáde ní 2025. Obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ń jẹ́ Sara Hussein. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ níbẹ̀. Ó bí ìbejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé nílé tí ìbejì wà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: bí ọ̀kan ṣe ń sùn lèkejì ń jí. Kò sí oorun mọ́. Ló bá lọ fi ẹ̀rọ kékeré kan sí orí. Dreamsaver ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó jẹ́ kí oorun wákàtí díẹ̀ ṣe ara lóore bí oorun alẹ́ mọ́jú. Ó sì ṣiṣẹ́ o. Ara Sara balẹ̀.

Àmọ́ ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí wọ́n tó fi í sí i lórí. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìbàdàn lọ, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin kòkòrò, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì tóbi tó ń dán nísàlẹ̀: Mo gbà. Nínú ìwé yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà lè fún ẹlòmíràn ní ohun tí ẹ̀rọ bá gbà sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ náà sì ń gbà sílẹ̀ ni àlá.

Lọ́jọ́ kan, Sara ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Los Angeles. Wọ́n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àjọ ìjọba kan wà tó ń fún gbogbo ènìyàn ní máàkì, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó dáràn lọ́la. Wọ́n ní máàkì rẹ̀ ti kọjá ààlà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó pa ọkọ rẹ̀. Ọkọ tó ń dúró dè é níta pẹ̀lú àwọn ìbejì! Kí ni ẹ̀rí wọn? Ohun tó lá lálàá. Wọ́n ní kó wá lo ọjọ́ mọ́kànlélógún níbì kan tí wọ́n á ti máa wo ìwà rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Èmi ò ro òwe yẹn kan nǹkan kan rí. Òwe ẹni tó gbẹ́nu dákẹ́ ni mo kà á sí. Ìgbà tí mo ka ìwé yìí tán ni mo tó mọ̀ pé ààbò ńlá ni òwe náà ń sọ. Gbogbo nǹkan tí ọmọ ènìyàn ní ni ẹlòmíràn lè gbà: ilẹ̀, owó, orúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá rò lójú oorun, tirẹ̀ ni. Ẹ wo bí Lalami ṣe fọgbọ́n gba ibẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ló ṣí i, nítorí oorun.

Ibi tí wọ́n kó o lọ, wọn ò pè é ní ẹ̀wọ̀n. Iléèwé àwọn ọmọdé ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló sì ń bójú tó o báyìí. Wọn ò pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n pẹ̀lú, wọ́n kàn dá wọn dúró ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn: a dá yín dúró. Bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí ẹ̀sùn, nítorí náà kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá a sílẹ̀. Gbogbo àṣìṣe kéékèèké ni wọ́n fi ń sún ọjọ́ síwájú, ọjọ́ mọ́kànlélógún sì di oṣù, oṣù di òmíràn. Àárín ìwé náà fà díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ máa rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba rí láti aago mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé ọ̀gá ń bọ̀, á mọ̀ pé fífà yẹn gan-an ni ìtàn náà.

Àwọn kan máa sọ pé èyí ò tuntun, pé Philip K. Dick ti kọ irú rẹ̀ ní 1956 nínú The Minority Report, tí wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 2002. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ti Dick, àwọn aríran ló ń rí ọ̀ràn kó tó ṣẹlẹ̀. Nínú ti Lalami, kò sí aríran kankan. Ìṣirò lásán ni. Lalami ti sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé ibi tí èrò ìwé náà ti wá ni àárọ̀ ọjọ́ kan tí fóònù rẹ̀ sọ fún un pé tó bá gbéra báyìí, á bá kíláàsì yóga rẹ̀. Kò sọ fún fóònù náà rí pé òun ń lọ síbẹ̀. Ó kàn ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fóònù sì ń ká a sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò gbọdọ̀ fò. Àwọn tí wọ́n dá dúró yìí ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀rọ. Mo dúró níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìwé ìròyìn Time gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà ń gba owó tí kò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan láti ka ọ̀rọ̀ ìríra, kí ChatGPT lè mọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló dá ronú, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ṣé ẹ rántí àwọn áàpù ẹ̀yáwó? Ọ̀rẹ́ mi kan yá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lórí fóònù nígbà tí a wà ní ọdún tó kẹ́yìn níléèwé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pẹ́ láti san án padà. Ní ọjọ́ kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ dé sórí fóònù mi: àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ OLÈ gàdàgbà lórí rẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan o. Gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló rí i gbà. Olùkọ́ rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń ṣe irun fún un. Ìyá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún ò ní fóònù tó lè gba àwòrán, àwọn ará àdúgbò ló gbé tiwọn wá fún un wò. Ta ló fún áàpù yẹn ní nọ́ńbà wa? Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo gbà. Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan, síbẹ̀ nọ́ńbà tèmi wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lọ ká àwọn kan nínú wọn mọ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Google ní kí áàpù ẹ̀yáwó kankan má wo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni òfin tó ń dáàbò bo dátà jáde ní Nàìjíríà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn ti rí àwòrán náà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Rosewater ti Tade Thompson. Tade, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Nàìjíríà, dókítà àìsàn ọpọlọ ni. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní 2016, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ọdún 2066 ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀dá kan ti òde ayé wá, wọ́n gúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi nǹkan bí igbá ńlá bo orí ara wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, igbá náà máa ń ṣí, gbogbo aláìsàn tó bá wà nítòsí á sì rí ìwòsàn. Ẹ lè fojú inú wo èrò tó máa ń wà níbẹ̀. Ìlú kan hù yí i ká. Wọ́n pè é ní Rosewater, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí nígbà tí kò tíì sí gọ́tà, òórùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kaaro ni orúkọ akọni inú rẹ̀. Olè ni tẹ́lẹ̀. Ó lè ka inú ènìyàn, nítorí àwọn àlejò náà ti tú nǹkan kan bí olú wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo wa, ó sì so wá pọ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò ní gbàgbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe ní báǹkì. Àwọn olè ń gba inú afẹ́fẹ́ yẹn wá láti jí àṣírí àwọn oníbàárà nínú orí wọn, nítorí náà báǹkì gba àwọn bíi Kaaro síṣẹ́ láti máa ka ìwé àtijọ́ lọ rabidun, kí ariwo ìwé náà lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn olè. Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù lọ ni bí ènìyàn ṣe lè bo ara rẹ̀. Clotrimazole! Ìpara tí à ń fi pa làpálàpá! Ẹ fi para, kò sẹ́ni tó lè ka inú yín mọ́ títí tó fi máa gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀ BRT.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí ohun tí Tade ń ṣe. Nínú ìwé Lalami, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé ètò náà ń ṣiṣẹ́ láìsí àlàfo, pé kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà. Nínú ìwé Tade, ìjọba ń lo Kaaro láti fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹni tí wọ́n mú lẹ́nu wò, ọ̀ràn náà le, àmọ́ ìpara wà ní ilé kẹ́mísì. Ẹni tó dàgbà níbi tí iná ti ń lọ mọ̀ pé gbogbo ẹ̀rọ ló ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi ò sọ pé èyí sàn ju tọ̀hún lọ. Mo kàn mọ̀ pé ẹ̀rù Lalami ń bà mí lálẹ́, ti Tade sì ń bà mí lójú ọ̀sán nígbà tí mo bá wà láàárín ọjà.

Noor ti Nnedi Okorafor, ó jáde ní 2021. Obìnrin mẹkáníìkì kan ní Àbújá, tó ń pe ara rẹ̀ ní AO, fúnra rẹ̀ ló yan ẹ̀rọ sí ara rẹ̀: ẹsẹ̀, apá, títí dé inú orí. Àwọn ènìyàn ò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Wọ́n dojú kọ ọ́ nínú ọjà, ó gbèjà ara rẹ̀, ẹ̀mí lọ sí i, ó sá lọ sínú aṣálẹ̀ ní òkè ọya, ó pàdé Fúlàní darandaran kan tó ń jẹ́ DNA, tí màlúù méjì tó kù ún kù ń jẹ́ GPS àti Carpe Diem. Ẹ má bi mí. Ohun tó jẹ́ kí ìwé yìí yàtọ̀ ni pé kò bú ẹ̀rọ. Okorafor fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn rí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò lè rìn fún ìgbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti wà nípò yẹn ò ní sọ fún yín pé ẹ̀rọ tó ń múni rìn burú. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í sí ara rẹ, ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Lost Ark Dreaming ti Suyi Davies Okungbowa, 2024, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ilé gogoro láàárín omi òkun Èkó ni; àwọn olówó wà lókè, àwọn mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ti bo fèrèsé. Ìwé kékeré ni, ẹ lè kà á tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti wo Makoko láti orí Third Mainland rí ò nílò àlàyé mi.

Ó ní ìdí tí mo fi tún ń ka àwọn ìwé yìí lóṣù yìí. Èmi ni mò ń ṣe ètò yìí jáde. Èmi ni mò ń gba ohùn sílẹ̀, tí mò ń gé e, tí mò ń tò ó. Ohùn àlejò mẹ́tàdínlógún ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, wákàtí ogójì ó lé, Yorùbá tó jinlẹ̀: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì. Ilé-iṣẹ́ kan kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ kí àwọn lè fi kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń sọ Yorùbá. Owó náà á san háyà yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ má rò pé mo máa yára sọ pé rárá. Ìyá mi àgbà máa ń sọ fún fóònù rẹ̀ pé kó bá òun pe bàbá Ṣadé, fóònù á sì lọ wá orin kan jáde. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ. Tí gbogbo àwa tí ohùn Yorùbá wà lọ́wọ́ wa bá sì dì í mọ́ra, ẹ̀rọ náà á ṣì sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n á máa sọ ọ́ bí àjèjì tó ń ka Bíbélì.

Mo ka ìwé àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ojú ìwé kẹrin ni mo ti rí i: fún ìlò èyíkéyìí, títí láé, wọ́n sì lè gbé e fún ẹni tó bá wù wọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ tèmi nìkan ti tó, nítorí èmi ni mo gba ohùn náà sílẹ̀. Àwọn àlejò mi fọwọ́ sí i pé kí n gbé ọ̀rọ̀ wọn sáfẹ́fẹ́ nínú ètò yìí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí láé.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin olórin kan ní Múṣin kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi bèèrè pé èló ni tòun níbẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Adó-Èkìtì ní, "Ọmọ mi, tí ohùn mi bá ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣé wọn ò ní fi pe àwọn ọmọ mi lókè òkun pé mo nílò owó?" Màmá aláàdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò tí a ṣe pẹ̀lú wọn ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá ti mọ ohùn mi tán, ṣé á máa bá mi ná ọjà ni?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní kí wá ni yóò máa ṣe.

Mo fi ìbéèrè bàbá náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn ò ní lò ó bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n yọ "títí láé" kúrò, kí wọ́n fi ọdún mẹ́ta sí i, kí owó sì dé ọwọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn máa wò ó, àwọn sì fẹ́ èsì mi ní ọjọ́ Ẹtì.

Mo ti bá mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀. Mẹ́sàn-án gbà tí wọ́n bá yí ìwé náà padà, mẹ́ta ní rárá, méjì ṣì ń rò ó. Ó ku mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní Kútọnu, láìnì rẹ̀ ò lọ. Àwọn méjì tó kù, mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbọ́ ètò yìí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà tó ń pè yín láti àárọ̀ yìí, èmi ni, kì í ṣe áàpù ẹ̀yáwó. Ẹ gbé e.